Ejò Tí A Fowó Rà

Aago méje alẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Mo fara ti irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá kan ní èbúté Civitavecchia, lórílẹ̀-èdè Ítálì, mo ń wo ilẹ̀ láti òkè. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ló yẹ kí gbogbo èrò ti wọlé, nítorí aago méje gééré ni ọkọ̀ ń ṣí. Ṣàdédé ni ariwo sọ. Àwọn òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́; àwọn kan ń súfèé, àwọn kan ti gbé fóònù sókè. Ọkùnrin kan ló ń sáré bọ̀ lórí kọnkéré èbúté. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di fìlà mú, ọwọ́ òsì di ṣòkòtò mú, àpò ike kan sì ń gbá a nídìí bí ẹni ń lé ẹṣin. Ẹni tó dúró tì mí bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ yúrò márùn-ún pé kò ní bá a. Èmi ò lè ta tẹ́tẹ́ o. Mo ti mọ fìlà náà. Irú rẹ̀ wà lórí ibùsùn mi. Aṣọ ẹbí ni.

Alága wa ni: ẹni ọdún 63, baba ọmọ mẹ́rin, ẹni tí wọ́n bá ní kó jó ní ṣọ́ọ̀ṣì, á ní orúnkún ń dun òun. Àwa 22 la jọ kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù ká lè bá a ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún ìyàwó rẹ̀ lórí omi. Ó kan ọkọ̀ lára, wọ́n jẹ́ kó wọlé, àwọn èrò òkè hó yèè, ẹni tó ta tẹ́tẹ́ san yúrò márùn-ún. Alága jókòó, ó mu omi ìgò méjì, ó nu ojú, ó wò wá yí ká, ó ní: “Ẹ ṣáà bá mi dúpẹ́. Mo ti parí Róòmù.”

Ó ti parí Róòmù. Bí èèyàn ṣe ń parí àmàlà, tó ń fi ìka nu ìdí abọ́.

Àwọn baba wa ní àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán: bí kò bá lé ejò, ejò ní í lé e. Ohun tí wọ́n ń sọ kò ju pé wàhálà àgbàlagbà máa ń ní ìdí. Ṣùgbọ́n àwọn tó pa òwe yìí kò rí irú tiwa rí. Wọn kò rí àgbàlagbà tó fowó ara rẹ̀ ra ejò, tó san owó ejò náà díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́wàá, tó wọ bàálù lọ bá a ní Barcelona, tó wá tú u sílẹ̀ pé kó máa lé òun ká etí òkun Yúróòpù fún ọjọ́ méje. Ká ní wọ́n rí i ni, wọn ì bá fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gún sílẹ̀, wọn ì bá kọ́kọ́ béèrè pé eélòó ni wọ́n ń ta ejò.

Ẹ má wò mí bí ẹni tó dúró lókè igi o. Èmi náà sanwó. Orúkọ mi wà lórí ìwé Alága, nọ́ńbà 14.

Ìwé dídán tí wọ́n fi polówó ìrìn àjò náà kọ ọ́ gàdàgbà pé: Róòmù, aago méje àárọ̀ sí aago méje alẹ́. Wákàtí méjìlá! Ẹni tó bá kà á, á rò pé òun lè lọ kí Póòpù, kí òun tún sun oorun ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣí ìkòkò náà wò. Kí wọ́n tó so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn tó gba ẹnu ọ̀nà méjì jáde, tí oníkálukú ń fi káàdì kan ẹ̀rọ, aago mẹ́jọ ti lù. Bọ́ọ̀sì èbúté kó wa dé géètì. Ní géètì ni a ti gbọ́ ìròyìn tuntun: Róòmù kò sí níbẹ̀. Civitavecchia ló wà níbẹ̀. Róòmù ṣì wà ní nǹkan bí 80 kìlómítà níwájú, wákàtí kan àbọ̀ bí ojú ọ̀nà bá dára. Wákàtí kan àbọ̀ mìíràn láti padà. Wákàtí méjì fún ìbẹ̀rù, nítorí ẹni tí ọkọ̀ lè fi sílẹ̀ kì í dúró de aago tó pé. Ohun tó kù lọ́wọ́ wa kò ju bíi wákàtí márùn-ún lọ, gbogbo wa sì gbọ́dọ̀ rí ibi tọ̀ nínú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ìlú nídìí òwò yìí nìyẹn. Wọ́n á ní Florence, Livorno lo máa bá ara rẹ. Wọ́n á ní Páríìsì, Le Havre ni, Páríìsì ṣì ku nǹkan bí 200 kìlómítà. Wọ́n á ní Berlin, Warnemünde ni, etí òkun níbi tí Berlin kì í dé. Àwọn tó ń bọ̀ wá wo Lọ́ńdọ̀nù tiwa náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Southampton ni wọ́n ń já ọ̀pọ̀ wọn sí, kí wọ́n máa wá ààfin ọba níbẹ̀. Bí awakọ̀ kan bá dúró ní Ọjọ́ta, tó ń pe “Ìbàdàn, Ìbàdàn, ó ku ẹnì kan”, tó wá já èrò sílẹ̀ ní Ìbàfò tó ní “A ti dé o”, wọ́n á fa aṣọ ya mọ́ ọn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n tiwa, inú ìwé dídán ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. A dúpẹ́, a sì bọ́ọ̀lẹ̀.

Alága ti mọ̀ pé àkókò kò tó, ó sì ti wá oògùn sí i: ó kọ ìwé. Ó fi rúlà fa ìlà sí i, ó mú bírò pupa dání láti máa sàmì. Colosseum: ìṣẹ́jú 25. Pantheon: ìṣẹ́jú 10. Trevi: ìṣẹ́jú 15. Vatican: wo ìta, ìṣẹ́jú 20. Mo bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, kí ni ‘wo ìta’?” Ó ní, “Àbúrò, inú rẹ̀ ní ìlà gígùn.”

Colosseum tí àwọn ará Róòmù ṣí ní ọdún 80, tó ti rí kìnnìún, tó ti rí ẹ̀jẹ̀, tó ti rí olú-ọba lóríṣiríṣi, kò rí irú tiwa rí. Bí a ṣe ná ìṣẹ́jú 25 wa nìyí: ìṣẹ́jú 11 láti ka ara wa, nítorí ẹnì kan sọnù, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án láti to ara wa fún fọ́tò, kí àwọn tó ga lọ sẹ́yìn, ìṣẹ́jú mẹ́rin láti tún un yà, nítorí Ìyá Ìbejì di ojú, ìṣẹ́jú kan tó ṣẹ́kù, a fi sáré.

Ní Trevi, omi ń dà, ère ń dán. Wọ́n ní ẹni tó bá kẹ́yìn sí omi náà, tó ju owó ẹyọ sí i láti èjìká, yóò padà wá sí Róòmù. Gbogbo wa jù ú. Ó ṣe mí bíi kí n bi Alága pé, bó bá jẹ́ pé a máa parí Róòmù lónìí, kí la tún ń sanwó àbọ̀wábá fún? Ṣùgbọ́n bírò ti ń sàmì. Owó yẹn kò kúkú ṣòfò, Caritas ni wọ́n ń kó o fún láti fi ran tálákà lọ́wọ́. Àwa la ṣòfò.

Ní Vatican, a wo ìta. Nínú ilé tí a kò wọ̀ yẹn ni Michelangelo ti fi ọdún mẹ́rin, láti 1508 sí 1512, gbé orí sókè tó ń kun àjà ilé ìjọsìn Sistine. Wọn kì í jẹ́ kí àlejò ya fọ́tò níbẹ̀. Àṣé ọjọ́ tí Alága gbọ́ èyí ló ti fa igi lé e lórí: kí la fẹ́ lọ ṣe níbi tí a kò ti ní ya fọ́tò?

Fọ́tò tó yà lọ́jọ́ náà lé ní 400, ó sì kẹ́yìn sí ohun tó lọ wò nínú gbogbo rẹ̀. Ká sọ òótọ́, ẹ̀yìn Alága ti rí Róòmù. Ojú rẹ̀ ló kù.

Nígbà tó di aago mẹ́ta, a kó sínú bọ́ọ̀sì tí a háyà, a fẹ́ máa padà. Àmì kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù lórí ìwé: Àtẹ̀gùn Spéènì. Alága wò ó, ó wo aago, ó tún wò ó. Kò lè mú un mọ́ra. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ní ká máa lọ, òun á sáré yà á, òun á wọ ọkọ̀ ojú irin tẹ̀lé wa. Ẹ ti mọ bó ṣe parí.

Ejò yìí ní olówó o. Bí o bá ra ìrìn àjò tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń tà, tí bọ́ọ̀sì wọn sì pẹ́, ọkọ̀ á dúró dè ọ́. Bí o bá dá ṣe tìrẹ nítorí pé ó dínwó, tó o sì pẹ́, wọ́n á tú okùn. Ìwọ á fi owó ara rẹ wá ọ̀nà lọ sí èbúté tó kàn, tìwọ ti fìlà àti àpò ike. N ò bú wọn. Èbúté ń gbowó lọ́wọ́ ọkọ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn tó kù sì ní ìlú tí wọ́n fẹ́ parí lọ́la. Mo kàn ní ká mọ ohun tí a rà. Ìbẹ̀rù wà nínú ọjà náà, bí iyọ̀ ṣe ń wà nínú ọbẹ̀: a kì í rí i lójú, ṣùgbọ́n ó wà nínú owó tí a san.

Títí dé ibi tí a dé yìí, ẹ lè máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ti Livorno, tí a dé ní ọjọ́ tó ṣáájú, bí mi nínú títí di òní.

Pisa ni ìwé Alága ní ká lọ, nǹkan bí 20 kìlómítà sí èbúté. A dúró níwájú ilé gogoro tó dagun, èèyàn 22 nínú aṣọ ẹbí, gbogbo wa na àtẹ́lẹwọ́ sófuurufú bí ẹni ń tì í kó má baà wó. Ẹni tó bá wò wá láti ẹ̀gbẹ́ á rò pé a ń lé eṣinṣin kan tí kò sí. Ní 1173 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé náà, nǹkan bí igba ọdún ni wọ́n fi kọ́ ọ. Láti 1990 sí 2001 ni wọ́n tì í pa tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ràn án lọ́wọ́ kó má baà ṣubú. Ìrànlọ́wọ́ wa kò kúkú pọn dandan.

Nígbà tí à ń padà sí ọkọ̀, bọ́ọ̀sì gba ẹ̀gbẹ́ gbàgede kan kọjá létí èbúté Livorno. Ọba òyìnbó kan dúró lókè lórí òkúta, Ferdinando Kìíní ti ìdílé Medici, òkúta mábù funfun. Lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọkùnrin mẹ́rin wà tí wọ́n fi bàbà rọ, ìhòòhò, ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀ lọ́wọ́, ọwọ́ lẹ́yìn. Pietro Tacca ló rọ wọ́n, ó parí wọn ní nǹkan bí ọdún 1626. Quattro Mori ni àwọn ará ìlú ń pè wọ́n, Àwọn Móòrì Mẹ́rin. Mo rí ọ̀kan nínú wọn láti fèrèsé. Imú rẹ̀, ètè rẹ̀, irun orí rẹ̀: bí ẹ bá wọ̀ ọ́ láṣọ tiwa, á di nọ́ńbà 23. Ó dojú sílẹ̀, iṣan ọrùn rẹ̀ le, bí ẹni tí orúkọ ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì wa kò lò ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà lọ níbẹ̀. Èèyàn dúdú 22 kọjá níwájú èèyàn dúdú tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ láti bí irínwó ọdún, a kò kí i. Ẹ kú ìjókòó, a kò wí. Ẹ kú ìfaradà, a kò wí. Àwa tí à ń kí ẹni tó ń jẹun, tí à ń kí ẹni tó ń wẹ̀! Kò sí lórí ìwé. Èmi tí mò ń bínú yìí ńkọ́? Aago mẹ́rin la dé ọkọ̀. Wákàtí méjì àbọ̀ ṣì wà, ibẹ̀ kò sì jìnnà. Ìdí oúnjẹ jẹ-tó-wù-ẹ́ ni mo gbà lọ, mo jẹ ẹran àgùntàn lẹ́ẹ̀mejì.

Ká tiẹ̀ bọ́ sí ipò onílé wò. Àlejò wọlé, kò kí ọ. O gbé omi fún un, ó ní òun ti mu tòun nílé. Ó dúró sí pálọ̀ rẹ, ó ya ara rẹ̀, ó yọjú sí yàrá, ó ní “Ó ga o!”, ó sáré jáde. Kí o tó gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta irú rẹ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìdí nìyí tí Ítálì fi ní kí ọkọ̀ ńlá má ṣe gba iwájú gbàgede San Marco ní Venice mọ́ láti oṣù kẹjọ ọdún 2021. Dubrovnik ti ní ọkọ̀ méjì ti tó lẹ́ẹ̀kan náà. Barcelona tí ejò tiwa ti gbéra fẹnu kò ní 2025 pé ibùdókọ̀ méje tí wọ́n ní fún irú ọkọ̀ yìí yóò di márùn-ún nígbà tó bá fi máa di 2030. Wọn kò kórìíra àlejò. Wọ́n kàn fẹ́ rí àlejò tó máa jókòó.

Síbẹ̀, n kò lè bínú sí Alága pẹ́. Ọdún 31 ló fi wa bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pọ̀ rẹ̀ lóru. Ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń wọn ayé rẹ̀: ìṣẹ́jú tó fi pẹ́, ìṣẹ́jú tó fi yá jù, ìṣẹ́jú tó fi jẹun. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, aago wá dákẹ́, ilé pa rọ́rọ́, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ti ń jókòó. Ló bá fowó ìfẹ̀yìntì ra aago mìíràn, èyí tó tóbi ju ilé lọ, tó ń fọn fèrè. Ta ni n ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú wa? Èwo nínú wa ló mọ ohun tí wọ́n ń fi ọ̀sán ṣe bí kò bá sí ohun tó ń lé e?

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n nínú ọkọ̀ wa. Màmá ni, ìyá ìyàwó Alága, ẹni ọdún 80. Orúnkún kò jẹ́ kó bá wa lọ sí Róòmù. Alága káàánú rẹ̀ gan-an, ó fi ogún yúrò lé e lọ́wọ́ kó fi mu tíì. Àwa jáde ní aago mẹ́jọ bí ẹni tí ilé ń jó. Màmá jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán, ó wẹ̀, ó wé gèlè, ó di ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin lápá mú, wọ́n bọ́ọ̀lẹ̀ ní aago mẹ́wàá. Kò sí ìlà mọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Ibi tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí ni wọ́n wò. Èbúté tí Trajan, olú-ọba Róòmù, kọ́ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn ni. Wọ́n jókòó nídìí odi ńlá tó ń ṣọ́ ọ. Wọ́n rí ère ọkùnrin Japan kan tó di idà mọ́dìí, Hasekura Tsunenaga. Ọmọ náà ka ìtàn rẹ̀ fún Màmá: ó kúrò ní Japan ní 1613, ó gba Mexico, ó gba Spéènì, ó gúnlẹ̀ sí Civitavecchia ní 1615 kó tó lọ rí Póòpù. Ọdún méjì ni ẹni yẹn fi dé Róòmù. Màmá ní, “Ó káre. Ó dájú pé ó rí ọ̀nà.”

Wọ́n wọ ilé ìjọsìn kan tí wọ́n yà sí mímọ́ fún àwọn ajẹ́rìíkú 26 tí wọ́n pa ní Nagasaki ní 1597. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọmọ Japan kan, Luca Hasegawa, kun àwòrán sára ògiri rẹ̀. Màríà wà níbẹ̀, ó wọ kimono, ó gbé Ọmọ rẹ̀ dání. Màmá jókòó sí iwájú rẹ̀ fún wákàtí kan gbáko. Ọmọ Ọ̀yẹ́-Èkìtì ni Màmá, ìjọ Àgùdà ló sì dàgbà sí. Ọmọ kékeré ni nígbà tí àwọn Fádà dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní 1947, tí Fádà Kevin Carroll àti àwọn agbẹ́gilére bíi George Bandele àti Lamidi Fakeye ń fi ọwọ́ Yorùbá gbẹ́ ìtàn Bíbélì, tí àwọn ọba tó wá kí Jésù wá dé adé ìlẹ̀kẹ̀ bí ọba Èkìtì. Ó yí sí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ní: “Àwọn wọ̀nyí náà wọ̀ ọ́ láṣọ ilé wọn.” Wọ́n jẹ ẹja létí omi, ogún yúrò Alága bá wọn san díẹ̀ nínú rẹ̀. Aago mẹ́ta, wọ́n ti padà. Màmá sùn.

Wákàtí díẹ̀ ni ọkọ̀ fún gbogbo wa lọ́jọ́ náà. Ó tó Màmá, ó ṣẹ́kù. Àwa tí kò tó ni àwa tó gbé agbọ̀n lọ kó ìlú tó ti wà láti ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ó lé.

Nídìí oúnjẹ alẹ́, Alága gbé fóònù kárí. Ìyàwó rẹ̀ tẹjú mọ́ fọ́tò kan, ó ní, “Kí ni èyí tó wà lẹ́yìn yín yìí?” Alága fi ìka méjì fẹ àwòrán náà lójú, ó wò ó sọ́tùn-ún, ó wò ó sósì. Ó ní, “Ìyẹn… ọ̀kan lára wọn ni.”

Ìgbà náà ni Màmá sọ̀rọ̀ Màríà oníkimono. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́: àwọ̀ aṣọ náà, bí ojú Ọmọ náà ṣe rí, àwọn ère Ọ̀yẹ́. Gbogbo tábìlì dákẹ́. Ẹran àgùntàn tutù lọ́wọ́ mi. Alága fa bírò pupa yọ.

“Màmá, níbo nìyẹn? Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́.”

“Níbi tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí ni.”

“Níbí? Ní èbúté yìí?” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó mirí. “Ṣùgbọ́n Màmá, ẹ ò kúkú dé Róòmù.”

Màmá gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo ọkọ ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú àánú, bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó ṣubú níta.

“Ọkọ mi,” ó ní, “mo rí ọ láti fèrèsé nírọ̀lẹ́, bó o ṣe ń sáré bọ̀. Ejò wo ló ń lé ọ?”

Alága wo ìwé ọwọ́ rẹ̀ látòkè délẹ̀. Kò sí lórí ìwé.